Iṣẹ́ Wo Ni Kí Ọmọ Yìí Kọ́?

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tó ń mówó wọlé lásìkò yìí àti èyí tí yóò máa mówó wọlé ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: "Iṣẹ́ wo ni kí ọmọ yìí kọ́ tí kò fi ní padà wá jókòó tì mí nílé?"

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ná, kí n tó ṣàlàyé. Ẹ má wá orúkọ iṣẹ́ kiri. Orúkọ iṣẹ́ máa ń kú. Ohun tí ènìyàn ń fẹ́ tó mú kí wọ́n dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni kì í kú. Ènìyàn yóò jẹun, yóò sùn sábẹ́ òrùlé, yóò tanná, yóò ṣàìsàn, yóò fẹ́ bá ẹni tó wà lọ́nà jíjìn sọ̀rọ̀, yóò fẹ́ kí owó òun dé ibi tí òun rán an. Ẹ mú èyí tó bá wù yín nínú wọn, kí ẹ wá bi ara yín pé apá wo níbẹ̀ ló le, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kò pọ̀. Apá yẹn ni kí ọmọ kọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo àgbà tó wà níbí ti mọ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. SIM káàdì nìkan, owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò ká a nígbà náà. Náírà 50 ni ìpè ìṣẹ́jú kan, bí ẹ bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n ń yọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ́ agboòrùn, ìyẹn títa ìpè fún ẹni tí kò ní fóònù, ti ṣẹ̀. Tábìlì kan, àga méjì, agboòrùn ńlá kan, fóònù kan tàbí méjì: ọ̀pọ̀ ìyá ló fi rán ọmọ níléèwé, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fi gbọ́ bùkátà. Lọ́dún 2003, Glo dé, wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá ni àwọn yóò fi máa ṣírò owó. SIM wá di ọ̀pọ̀, fóònù tí kò wọ́n láti ilẹ̀ Ṣáínà gba ìgboro kan. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ìpè abẹ́ agboòrùn ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ sísọ kásẹ̀ nílẹ̀? Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lónìí pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ fíìfíì. Ní àsìkò kan náà tí agboòrùn ń gbilẹ̀, àwọn ọmọ kan lọ jókòó ní òpópónà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, ní Computer Village, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń tú fóònù àti bí a ṣe ń fi òjé gbígbóná so ojú wáyà tó tín-ín-rín bí irun. Fóònù tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ kò sí lọ́jà mọ́. Àwọn tó kọ́ ọ dójú àmì nínú wọn ṣì ń jẹun nídìí rẹ̀ títí di òní, nítorí wọ́n ti ń bá fóònù yí bí fóònù ṣe ń yí.

N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn o. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà síbẹ̀ pẹ̀lú POS. Ọdún 2013 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti ṣe ìlànà fún àwọn aṣojú báǹkì, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni gbogbo ìlú tó mọ rírì wọn, nígbà tí owó tuntun kò sí nílẹ̀ tí àtijọ́ kò sì ṣeé ná. Wọ́n gbà wá lọ́wọ́ ebi nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la láìkọ́ ọ, aládùúgbò rẹ náà lè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Nígbà tí ẹ bá ń relé, ẹ ka iye POS tó wà láti ibí dé ibùdókọ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, World Economic Forum, àjọ àgbáyé kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajé, gbé ìwé kan jáde lórí ibi tí iṣẹ́ ń lọ títí di ọdún 2030. Ilé iṣẹ́ tó lé ní 1,000 káàkiri ayé ni wọ́n bi léèrè. Wọ́n ní iṣẹ́ mílíọ̀nù 170 ni yóò yọjú, mílíọ̀nù 92 yóò sì kógbá sílé. Tí àwọn ènìyàn bá gbọ́ irú èyí, ọkàn wọn máa ń lọ sórí kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ dátà àti iṣẹ́ AI (ọgbọ́n orí ẹ̀rọ) wà lára èyí tó ń yára dàgbà jù. Ṣùgbọ́n tí a bá ka orí ènìyàn, iṣẹ́ oko ló ṣíwájú gbogbo wọn. Awakọ̀ tó ń gbé ẹrù dé ilé oníbàárà wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe oúnjẹ fún títà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ wá gbọ́ àwọn tó ń lọ sílẹ̀: akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń kawó lẹ́yìn wíńdò, agbowó ilé ìtajà ńlá, ẹni tó ń tẹ àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ tí àwọn òbí wa gbààwẹ̀ lé lórí nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ́ fáànù, táì lọ́rùn, owó oṣù ní ìparí oṣù. Inú mi kò dùn pé ó ń lọ, nítorí iṣẹ́ yẹn ló tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà. Ṣùgbọ́n ó ń lọ, a kò sì gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọmọ fún un mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò jù ni ọ̀rọ̀ iná. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Epo tí à ń rà ní ohun tí kò tó náírà 200 fún lítà kan ti kọjá 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún níná jù, láti náírà 68 lọ sí 225 fún yúníìtì kan. Ẹni tó ń ta omi tútù, ẹni tó ń lọ ata, télọ̀, onígbàjámọ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè wo oòrùn. Bí ẹ bá gun òkè Màpó lónìí, tí ẹ bojú wo Ìbàdàn sílẹ̀, ẹ ó rí panẹ́ẹ̀lì dúdú láàárín páànù tó ti dógùn-ún, láti Ọjà-Ọba títí dé ibi tí ojú lè ríran dé.

Àwọn ọmọ ti ń ya lọ kọ́ṣẹ́ sólà báyìí, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọ́ apá tó rọrùn. Gbígbé panẹ́ẹ̀lì gorí òrùlé kò le. Ìṣirò ló le. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan: fìríìjì kan, tẹlifísọ̀n kan, fáànù mẹ́ta, gílóòbù mélòó kan, àti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Ẹni tó mọṣẹ́ kò ní dárúkọ owó kankan kó tó jókòó ti onílé, kó sì béèrè iye wákàtí tí ohun kọ̀ọ̀kan fi ń ṣiṣẹ́. Bí ohun tí wọ́n ń lò lálẹ́ bá ń jẹ wáàtì 450 lápapọ̀, bátìrì lithium tó gba kílówáàtì-wákàtí 5, ìyẹn yúníìtì iná márùn-ún, yóò gbé e fún bíi wákàtí mẹ́wàá, ilẹ̀ yóò sì mọ́ bá wọn. Panẹ́ẹ̀lì oníwáàtì 550 mẹ́fà jẹ́ wáàtì 3,300 lórí ìwé. Ṣùgbọ́n oòrùn tó lágbára tó láti mú kó ṣe iye yẹn kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lọ lójúmọ́ ní agbègbè wa, tó bá sì di oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ tí ojú ọ̀run ń ṣú, ó tún dín sí i. Ẹ yọ ohun tí ooru àti wáyà ń jẹ kúrò, kílówáàtì-wákàtí 10 ni kí onílé máa retí lójúmọ́, kì í ṣe 13.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi ńkọ́? Èyí tó ń jẹ wáàtì 750 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lè fa ìlọ́po mẹ́ta iye yẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tó fẹ́ gbéra. Ẹni tí kò mọ̀ yóò gbé ìnfátà kékeré, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, fún onílé, ìnfátà yóò máa pa ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fami, onílé yóò sì máa bú ẹni tó ta ọjà fún un. Ọjà kọ́ ló burú.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ojú tí panẹ́ẹ̀lì kọ sí. Gúúsù ló yẹ kí ó kọjú sí lọ́dọ̀ wa, kí ó sì dà díẹ̀, bí ìwọ̀n 10, kí òjò lè máa fọ eruku rẹ̀ dànù. Òjìji ẹ̀ka máńgòrò kan ṣoṣo lórí panẹ́ẹ̀lì kan lè dín agbára gbogbo àwọn tí wọ́n so mọ́ ọn kù. Ojú ìsopọ̀ wáyà tí wọn kò fún dáadáa yóò máa gbóná díẹ̀díẹ̀, títí tí yóò fi jó páànù àti igi àjà. Wáyà ilẹ̀ tí wọn kò rì mọ́lẹ̀ ń dúró de mànàmáná ọjọ́ kan. Ọmọ tó bá mọ gbogbo èyí, tó lè dé ilé tí ẹlòmíràn ti bà jẹ́ kó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn yóò máa pè é láti ìlú dé ìlú. Ìnfátà tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ láti 2023 kò lóǹkà, ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ti dé. Àtúnṣe ni iṣẹ́ tó kàn. Òfin iná mànàmáná tuntun ti oṣù Kẹfà ọdún 2023 sì ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti dá ètò iná tirẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ yóò tinú ìyẹn náà jáde.

Ọ̀rọ̀ iná gbé mi dé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì ń dùn mí. Ọ̀pọ̀ ilé ńlá tí wọ́n ń kọ́ ní Lẹ́kkì àti Ìkòyí, àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Benin àti Togo ló ń lẹ táìlì rẹ̀, àwọn ló ń ṣe POP àjà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa ni àwọn mìíràn nínú wọn, ọmọ Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn jẹ́ Ègùn láti Àjàṣẹ́. Ẹ bi onílé, yóò ní iṣẹ́ wọn mọ́, wọn kì í gbowó kí wọ́n wá sá lọ. Ní ilẹ̀ Benin, ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá lè ṣe ìdánwò ìjọba, kó sì gba ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní CQM. Lọ́dọ̀ tiwa, fíríìdọ́ọ̀mù ni à ń ṣe: aṣọ ẹbí, ìrẹsì, àdúrà, fọ́tò. Ó dára, mo máa ń lọ bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọ̀gá buwọ́ lù níbi fíríìdọ́ọ̀mù kì í kọjá àdúgbò ọ̀gá. NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, ti wà láti 1992, ìdánwò ìjọba fún oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní trade test náà wà, owó rẹ̀ kò sì tó èyí tí à ń ná sórí aṣọ ẹbí ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe méjèèjì.

Ìdí tí ìwé yẹn fi ṣe pàtàkì nìyí. Jámánì ń wá òṣìṣẹ́ lójú méjèèjì nítorí àwọn arúgbó wọn pọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ físà tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Chancenkarte, tí ènìyàn lè fi lọ wáṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ lè béèrè fún un, kò di dandan kó jẹ́ ti yunifásítì. Àmọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún méjì, ìjọba orílẹ̀-èdè tó ti kọ́ ọ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ sí ìwé ẹ̀rí náà. Ọmọ wa tó fi ọdún márùn-ún sin ọ̀gá láìní ìwé kankan, tó sì mọṣẹ́ ju ti ọmọ ilẹ̀ míì lọ, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí.

Ẹ wo ajórin náà. Ẹni tó ń jó géètì lẹ́bàá ọ̀nà wà, mo kí i. Ẹni tó ń jó páìpù epo tún wà. Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún ti èkejì yìí, 6G ni orúkọ rẹ̀. Wọn yóò de páìpù kan mọ́lẹ̀ ní dídà, ìwọ̀n 45, wọn kò ní jẹ́ kó yí rárá. Ajórin ni yóò yí ara rẹ̀ po, yóò jó o láti abẹ́, láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, títí ojú méjèèjì yóò fi pàdé. Tó bá tutù, wọn lè fi X-ray wo inú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ tàbí ìdọ̀tí bá há sínú rẹ̀ kọjá ìwọ̀n, ó ti kùnà nìyẹn, kódà bí òde rẹ̀ bá ń dán. Ilé ìfọpo Dangote wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkì, agbára rẹ̀ tó àgbá 650,000 lójúmọ́, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irú ibẹ̀ yẹn kò lè wà láìní àwọn tó ń tọ́jú páìpù. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Íńdíà. Ó yẹ kí ó ká wa lára débi tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ tiwa.

Bí a ṣe débi yìí kò ṣẹ̀yìn ìtàn wa. Ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, oore tí a kò lè san tán ni. Ṣùgbọ́n ìwé tó gbé ọmọ àgbẹ̀ dé ọ́fíìsì mú kí a bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ẹni tí ìwé kò wọ̀ lórí ló ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dé lọ́dún 1982, wọ́n kó ẹ̀rọ wá sí iléèwé gírámà kí àwọn ọmọ lè máa fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, inú àpótí ni ẹ̀rọ náà ti dógùn-ún. Títí di òní, ó sún mọ́ mílíọ̀nù méjì ọmọ tó ń ṣe ìdánwò JAMB lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í sì rí ààyè wọlé lọ́dún náà. Wọ́n á jókòó, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tún jókòó. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí ọmọ fi jókòó yẹn tó láti kọ́ṣẹ́ iná kó sì gba ìwé rẹ̀, yunifásítì kò sì ní sá lọ.

Mo fẹ́ bá àwọn tó ń wo òkè òkun sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba Britain ṣí físà sílẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú arúgbó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ kó ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa mọ́ ẹni tuntun láti ilẹ̀ òkèèrè. Láàárín ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀ náà, àwọn ènìyàn ta ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó owó fún alágbàtà tí wọn kò mọ̀ rí. Nọ́ọ̀sì tó ní ìwé ẹ̀rí kò wà lára àwọn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ̀kọ́ tó gba ọdún púpọ̀ ni ìjọba òkèèrè kì í lè yára kẹ̀yìn sí, nítorí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò sí. Bí ọmọ bá fẹ́ lọ, kó lọ pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọn yóò fẹ́ níbí náà.

Nínú iṣẹ́ ìlera, nọ́ọ̀sì àti dókítà nìkan ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ṣe ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń fọ kíndìnrín, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ẹ̀rọ tó ń fún ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ní ooru: ẹ wọ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ ó rí i tí wọ́n fi ọ̀rá bò ó sí igun yàrá, nítorí ohun kékeré kan jó nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Ọmọ tó fẹ́ràn kí ó máa tú rédíò nílé, tí ẹ máa ń nà fún un, iṣẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ èyí. Ó wà ní yunifásítì, ó wà ní políténíìkì.

Nǹkan mìíràn tí àwa òbí kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ni pé òfin máa ń bí iṣẹ́. Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ààbò dátà ní Nàìjíríà. Báǹkì, ilé ìwòsàn àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń tọ́jú orúkọ àti àṣírí ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tó ń mójú tó o. Àwọn agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ tó tètè ka òfin náà ló wà nídìí iṣẹ́ ọ̀hún báyìí. Òfin owó orí tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026, àwọn oníṣòwò kéékèèké sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn kọ ìwé owó wọn sílẹ̀ bó ṣe tọ́.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù wà nínú oko kòkó. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tó bá ti inú igbó tí wọ́n ṣá lẹ́yìn ọdún 2020 wá kò ní wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ àwọn tó ń ra kòkó ti ń múra sílẹ̀. Oko tí kòkó kọ̀ọ̀kan ti wá gbọ́dọ̀ ní àmì ibi tó wà lórí ilẹ̀ ayé. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, àmì ojú ibì kan ṣoṣo tó fún un. Èyí tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n fẹ́ kí a yí gbogbo ààlà rẹ̀ ká. Ta ni yóò yí i ká? Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ní Ìdànrè tàbí ní Ilé Olújìí kò lè ṣe é. Ọmọ tó ní fóònù, tó mọ GPS, tó lè bá bàbá náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kó má baà rò pé wọ́n fẹ́ gba ilẹ̀ òun, òun ni yóò ṣe é. Iṣẹ́ oko ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, iṣẹ́ ẹnu sì ni. Kòkó kọjá dọ́là 10,000 fún tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé lọ́dún 2024, ó sì tún já wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Bó ti wù kí owó rẹ̀ lọ sókè sódò, àkọsílẹ̀ oko náà ni wọn yóò máa béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti ń retí kí n dé orí kọ̀ǹpútà. Ọdún 2014 ni Andela bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2020, Stripe, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ra Paystack, ilé iṣẹ́ Èkó tó ń bá oníṣòwò gbowó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní owó tó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 200. Àwọn ìròyìn yìí dùn, òótọ́ sì ni wọ́n. Èyí tí àwọn ènìyàn ti gbàgbé ni pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Andela dá àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ṣẹ́ bíi 400 dúró ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Uganda, nítorí àwọn oníbàárà ń fẹ́ ẹni tó ti gbó nínú iṣẹ́. ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kò tíì dáyé nígbà yẹn o. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ló jáde. Láti ìgbà tó ti jáde, ẹnu ọ̀nà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ tún há sí i. Ohun tí wọ́n máa ń fi kọ́ ọmọ tuntun níṣẹ́, ẹ̀rọ ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú.

N kò ní kí ẹ má kọ́ ọ. Ẹ kọ́ ọ kọjá ibi tí ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta ń parí sí, kí ẹ sì mọ iṣẹ́ mìíràn kan tí ẹ ó fi ṣe. Ẹni tó mọ ètò kọ̀ǹpútà nìkan, ó ń bá gbogbo ayé àti ẹ̀rọ dupò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì mọ bí ilé ìwòsàn ṣe ń pàdánù fáìlì aláìsàn, tàbí bí àwọn oníṣòwò Bódìjà ṣe ń ra ẹ̀wà láwìn tí wọ́n sì ń san án, ó ti rí ohun tí ẹni tó wà ní California kò lè rí. Èdè wa pàápàá wà lára rẹ̀. Google Translate ti gba Yorùbá láti 2013, síbẹ̀ àmì ohùn ṣì ń dà á láàmú. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ bíi ti Masakhane ti ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà, wọ́n sì ń fẹ́ ẹni tó mọ èdè dénú, tó lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Ọmọ tó ń gba máàkì rere nínú Yorùbá, ẹ má sọ fún un mọ́ pé kí ni yóò fi ṣe.

Ó ku ohun kan, ọ̀rọ̀ àwọn òbí ni. Kí ẹ tó sanwó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá kankan, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò retí yín. Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣe: ṣé wọ́n dúró ti iṣẹ́, àbí omi ni wọ́n ń pọn fún ìyàwó ọ̀gá? Ẹ ní kí ó fi ọmọ kan tó ti gbòmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì lọ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ níbi tó wà. Ẹ béèrè ìdánwò tí yóò forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ fún àti ọdún tí yóò ṣe é, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú iye owó. Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin ni, tó ní iṣẹ́ iná tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì ló wu òun, ẹ má dá a lẹ́kun. Ẹ wá ọ̀gá tí obìnrin mìíràn ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láìséwu, kí ẹ sì máa yọjú síbẹ̀ lóṣooṣù títí yóò fi gbòmìnira.